Ọmọ Tí A Kò Gbọdọ̀ Bẹ̀ Wò

Ní Pobè, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ bí ìdì ẹyìn kan ṣe wúwo tó, kó má wulẹ̀ fi ọwọ́ gbé e wò, kó lọ bá Ládiípọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn ní oko ìdánwò tí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ dá sílẹ̀ lẹ́yìn ìlú. Ọ̀pẹ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, gbogbo ìdì tí wọ́n bá gé lórí rẹ̀ yóò gun òṣùwọ̀n, Ládiípọ̀ yóò sì kọ ọ́ sínú ìwé. Láti ẹnu iṣẹ́ yìí ló ti mọ̀ pé ojú ń tan ènìyàn jẹ, pé ọ̀pẹ tí gbogbo ayé ń yìn lè má so tó èyí tí ẹnì kankan kò bojú wò. Ó fẹ́ràn ẹ̀kọ́ náà débi pé ó gbé e kúrò lóko wá sílé. Bí ìyàwó rẹ̀ bá ní ọbẹ̀ òní dùn ju ti àná lọ, á ní, "Ọbẹ̀ mélòó lo fi wé mélòó?" Àwọn ará àdúgbò sọ ọ́ ní Ládiípọ̀ Olóṣùwọ̀n. Kò bínú sí i. Ká sòótọ́, orúkọ náà dùn mọ́ ọn.

Kò sí aburú níbẹ̀, títí ó fi kan ọ̀rọ̀ ọmọ.

Ọmọ méjì ló ní: Séverin, ọkùnrin, tó ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, àti Huguette, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé márùn-ún. Ọdún tí Dahomey gba òmìnira nìyẹn. Gbogbo ènìyàn ló ń sọ pé ayé tuntun ti dé, pé ọmọ tó bá já fáfá ni yóò jókòó sórí àga tí òyìnbó dìde kúrò. Kí wá ni òbí yóò ṣe kí ọmọ rẹ̀ lè já fáfá? Ẹnìkan ní ẹgba ni, ẹnìkan ní àdúrà, ẹnìkan ní kí wọ́n máa fún un ní ẹ̀wà jẹ. Ládiípọ̀ ní kí wọ́n yé méfò, kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ wádìí rẹ̀.

Ó ra kàyé tuntun, irú ìwé ìkọ̀wé tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń lò. Ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi, ojúlé kan ló ń ti bọ́ sí òmíràn, ní Pobè àti ní àwọn abúlé tó yí i ká. Ìbéèrè mẹ́ta péré ló ń bi àwọn òbí. Ọmọ yín tó ti dàgbà yìí, ṣé ọwọ́ yín ló ti dàgbà ni, àbí ẹ fi fún ẹbí tọ́? Ṣé ẹ máa ń bẹ̀ ẹ́ wò níbẹ̀? Kí ló ń ṣe báyìí? Ilé mẹ́tàlélógójì ló wọ̀. Nígbà tó parí, ó fa ìlà sí àárín ojú ìwé, ó kó àwọn ọmọ tí ẹbí tọ́ sí apá ọ̀tún, ó kó àwọn tó dàgbà sílé sí apá òsì. Nínú ogún ọmọ tó wà lápá ọ̀tún, mẹ́rìnlá ló ti gba sètífíkà tàbí tó ní iṣẹ́ gidi lọ́wọ́. Nínú mẹ́tàlélógún tó wà lápá òsì, mẹ́fà péré ni. Àwọn tí òbí wọn kì í bẹ̀ wò rárá ló sì ṣe dáadáa jù lọ.

Ó tún un kà lẹ́ẹ̀mẹta. Séverin ti dàgbà jù láti fi fún ẹbí tọ́. Lẹ́yìn náà ó wo Huguette tó ń fò lórí ìtí igi lẹ́yìnkùlé, inú rẹ̀ sì bàjẹ́, nítorí pé ó fẹ́ràn ọmọ náà ju bó ṣe lè sọ lọ. Òun ló máa ń dúró dè é lójú ọ̀nà oko ní ìrọ̀lẹ́. Òun ló máa ń béèrè pé ọ̀pẹ wo ló borí lónìí, bí ẹni pé ìjàkadì làwọn ọ̀pẹ ń jà. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ òtítọ́ tí kò tẹ̀ lé e, kí ni ìmọ̀ rẹ̀ wúlò fún? Bó ṣe wí fún Marcelline ìyàwó rẹ̀ nìyẹn.

Ẹja ni Marcelline ń fọ̀ lọ́wọ́ nígbà náà. Kò gbójú sókè títí ó fi fọ̀ ọ́ tán.

"Bàbá Séverin," ló wí, "ọmọ tèmi ò sí nínú kàyé yín."

"Mo mọ̀. Ohun tí à ń wá ni kó lè wà lápá ọ̀tún lọ́jọ́ iwájú."

"Èmi ò mọ apá ọ̀tún. Ibi tó ń sùn ni mo mọ̀."

Ṣùgbọ́n kò rí ohun tí yóò fi dí i lọ́wọ́. Fífi ọmọ fún ẹbí tọ́ kì í ṣe ohun tuntun ní ilẹ̀ wa. Òun alára, ilé ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ló dàgbà sí, kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé kò gba ẹ̀kọ́. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Marcelline ń sunkún, ó sì ń ká aṣọ ọmọ náà sínú àpò, ọ̀kọ̀ọ̀kan, láìsí èyí tó yẹ̀ ní ìṣẹ́po.

Ilé Ràúdátù ní Sakété ni ọmọ náà ń lọ. Ẹ̀gbọ́n Ládiípọ̀ ni, ọmọ ìyá rẹ̀, tó fẹ́ oníṣòwò Mùsùlùmí kan níbẹ̀, tó sì gba orúkọ náà lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Àpò-àpò ló ń ta gàrí fún àwọn ará Porto-Novo. Ó ti tọ́ ọmọbìnrin mẹ́ta fún ẹbí rí, gbogbo wọn ló ti di ẹni tó ń dá ọjà ara rẹ̀ ná. Òun fúnra rẹ̀ ló wọ ọkọ̀ ojú irin wá mú Huguette, ó sì sọ òfin rẹ̀ kó tó lọ.

"Ẹ má ṣe wá bẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tó gbin iṣu, tó wá ń hú u wò bóyá ó ti ta, kò ní jẹ iṣu lọ́dún náà. Ẹ jẹ́ kó fi mí ṣe ìyá. Ìgbà tó bá yẹ, èmi ni mo máa mú un wá."

Ládiípọ̀ mi orí, nítorí pé ohun tí kàyé òun náà sọ nìyẹn. Huguette wọlé sínú ọkọ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín. Kò wọ ọkọ̀ ojú irin rí, ó sì rò pé ìrìn ọjọ́ kan lásán ni.

Ọdún kan kọjá, ó di méjì, ó di mẹ́rin. Ìròyìn ń wá láti ẹnu àwọn alágbàtà àgbàdo: ọmọ ti wọ ilé ẹ̀kọ́, ọmọ ti mọ gàrí díwọ̀n, ara ọmọ le. Marcelline á bi wọ́n bóyá ó ṣì máa ń fa ìka mu tó bá ń sùn. Wọn ò mọ̀. Ta ló ń wo ìyẹn nínú wọn? Lẹ́ẹ̀mejì ló ní òun ń lọ sí Sakété, lẹ́ẹ̀mejèèjì ni Ládiípọ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó má ba ohun tí àwọn ti fi sùúrù ṣe jẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn kò sọ ọ́ mọ́.

Ládiípọ̀ náà ńkọ́? Lóṣooṣù ló ń bá epo ẹgbẹ́ lọ sí Porto-Novo nínú ọkọ̀ ojú irin, ọkọ̀ náà sì máa ń dúró ní Sakété. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni. Ilé Ràúdátù kò jìnnà sí ibẹ̀ rárá, ẹni tó bá sáré lè lọ kó sì bọ̀. Ládiípọ̀ á fi ọwọ́ méjèèjì di àga tó jókòó lé mú. Àwọn ọmọbìnrin á gbé ẹ̀pà sísè wá sí ojú fèrèsé, òun á máa wo ojú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, á sì ra ẹ̀pà lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá tó ọmọ rẹ̀. Kì í jẹ ẹ̀pà. Bó bá délé, Marcelline á bá ẹ̀pà nínú gbogbo àpò aṣọ rẹ̀, á kó o jáde, á dà á sínú abọ́. Àárò ọmọ náà ń sọ ọ́ débi pé nígbà mìíràn, lóko, tó bá wọn ìdì ẹyìn tán, á gbàgbé iye rẹ̀ kó tó kọ ọ́. Ó ń fi apá ọ̀tún kàyé rẹ̀ tu ara rẹ̀ nínú. Mẹ́rìnlá nínú ogún, á ní. Mẹ́rìnlá nínú ogún.

Ní ọdún kẹrin ni ẹgbẹ́ gba ọ̀gá tuntun fún oko náà, Bonaventure, ọ̀dọ́mọkùnrin ilẹ̀ wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹnu ẹ̀kọ́ dé. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi ń ṣí àwọn ìwé àtijọ́. Ní ọjọ́ kẹrin ó pe Ládiípọ̀ sí ìdí tábìlì.

"Bàbá Séverin, ẹ jọ̀ọ́, abala òkè yìí, ìwé yín sọ pé ó so tó ìlọ́po méjì abala ìsàlẹ̀. Ṣé ilẹ̀ wọn yàtọ̀ ni?"

"Ilẹ̀ kan náà ni, ọ̀gá. Òkè ló kàn dára."

"Lọ́dún tí wọ́n gbìn wọ́n, èyí tí kò bá ṣe dáadáa lókè, kí ni wọ́n ṣe sí i?"

"Wọ́n hú u. Wọn kì í sọ nǹkan nù níbí, ìsàlẹ̀ ni wọ́n kó wọn lọ gbìn."

Bonaventure gbé bírò sílẹ̀. "Ẹ ò rí i? Ẹ kó gbogbo aláìlera ilé kan lọ sí ilé kejì, ẹ wá ń sọ pé ilé kejì ni kò sàn."

Kò sọ ọ́ bí ẹni ń gan ènìyàn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn yóò jọ tún un ṣe, kò sí aburú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀pẹ ni Ládiípọ̀ ń rò. Fáṣínà ló ń rò, ọmọ Fádèyí tí ògiri ilé wọn jọ kan ara wọn. Apá òsì ló kọ ọ́ sí: ó dàgbà sílé, kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Ó wá ń rántí pé àkókò kan wà, nígbà tí Fáṣínà wà ní kékeré, tí òun kì í rí i nínú ọgbà.

Kò dé ilé tirẹ̀ lọ́jọ́ náà kó tó yà sọ́dọ̀ Fádèyí.

"Fádèyí, má bínú sí mi. Fáṣínà, ṣé kò gbé ibòmíràn rí?"

Fádèyí ń pọ́n àdá lọ́wọ́. Ó dáwọ́ dúró. "Kí ló mú ìyẹn wá?"

"Mo fẹ́ mọ̀ ni. Nígbà tí mo bi ọ́ lọ́jọ́sí, o ní ọwọ́ rẹ ló ti dàgbà."

"Ọwọ́ mi náà ló ti dàgbà." Ó pọ́n àdá síwájú sẹ́yìn fún ìgbà díẹ̀, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Ó lo ọdún méjì lọ́dọ̀ àbúrò mi ní Ita-Djèbou. Wọ́n ní ọlẹ ni, wọ́n dá a padà. Ṣé o fẹ́ kí n máa polówó ìyẹn kiri ni? Ọmọ tí wọ́n bá dá padà, ilé la ti bí i, ilé náà ló ti dàgbà. Bí gbogbo wa ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi fún ẹkùn pa jẹ."

Ládiípọ̀ mọ̀ pé òótọ́ ni. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Bí ọmọ bá ti àgbàtọ́ dé kó tó tó àkókò, ṣe ni gbogbo àdúgbò á mú ojú kúrò, bí ẹni pé ẹnì kankan kò rí ẹrù tó gbé sórí. Òun náà ti mú ojú kúrò bẹ́ẹ̀ rí. Ó wá jókòó ti kàyé, ó rò pé àwọn òbí yóò sọ fún òun nítorí pé òun mú bírò lọ́wọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi tún àwọn ilé náà wọ̀, kò sì gbé kàyé dání lọ́tẹ̀ yìí. Ó jókòó, ó mu omi, ó sọ̀rọ̀ òjò, kó tó béèrè. Nínú àwọn mẹ́tàdínlógún tí kò ṣe dáadáa lápá òsì, mọ́kànlá ló ti lọ sọ́dọ̀ ẹbí rí tí wọ́n dá padà. Àwọn kan sì wà lára wọn tí òbí wọn kò bẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tó kó olúkúlùkù sí ibi tó yẹ ẹ́, ọ̀tún àti òsì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Kò sí ohunkóhun nínú ìwé náà tó sọ pé kí ó mú ọmọ rẹ̀ jáde nílé. Kò tilẹ̀ sí níbẹ̀ rí.

Ó sọ ọ́ fún Marcelline ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, gbogbo rẹ̀, láìfi ọ̀kan pamọ́. Ó rò pé yóò bá òun jà. Ohun tó wí ni pé, "Ẹ lọ mú un wá."

Ní ọjọ́ Sátidé, Ládiípọ̀ bọ́ sílẹ̀ ní Sakété fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́rin. Gàrí ni Ràúdátù ń dà sínú àpò nígbà tó dé. Ẹnu yà á, ṣùgbọ́n ó kí i dáadáa, ó ní kí wọ́n bu omi wá. Ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan gbé omi jáde láti ẹ̀yìn, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ kú àbọ̀, sà."

Ládiípọ̀ gba omi náà, kò lè mu ún. Ràúdátù ló ní, "Huguette, bàbá rẹ nìyí." Ọmọ náà gbójú sókè, ó wò ó pẹ́. Ó tún un kí lẹ́ẹ̀kejì, ó ní, "Ẹ kú àbọ̀, Bàámi," inú rẹ̀ sì dùn, ó hàn lójú rẹ̀. Ó béèrè Séverin. Ó sọ fún un pé ipò kejì lòun ṣe nílé ẹ̀kọ́. Ládiípọ̀ ń wo ẹnu rẹ̀ bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ó ń ronú pé ìdùnnú ti fẹ́ pa òun, ó sì yára sọ ohun tó bá wá.

"Mo wá mú ọ lọ sílé ni."

Ọmọ náà dìde, ó lọ sẹ́yìnkùlé, wọ́n sì gbọ́ tó ń fọ ohun tó ti fọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìgbà tó padà wá, iwájú Ràúdátù ló kúnlẹ̀ sí.

"Ìyá, kí ni mo ṣe?"

"O ò ṣe nǹkan kan," ni Ràúdátù wí.

"Ṣé nítorí igbá tó fọ́ ni? Ṣé nítorí gàrí tí òjò pa ni? Mi ò ní sùn lọ mọ́ tí mo bá ń ṣọ́ ọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá mi padà."

Ládiípọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé. Ó ní kò sí ẹni tó dá a padà, ó ní òun ló ṣe àṣìṣe, ìṣirò òun ló wọ́, àárò rẹ̀ ló ń sọ àwọn. Ọmọ náà ń gbọ́, omi ń dà lójú rẹ̀, kò sì gba ẹyọ ọ̀rọ̀ kan gbọ́ nínú rẹ̀. Kí ni yóò fi gbà á gbọ́? Ọmọ méjì ni wọ́n ti dá padà láti àdúgbò náà lójú rẹ̀. Fún àwọn náà, ohùn pẹ̀lẹ́ ni àwọn àgbà fi sọ ọ́.

Ràúdátù fa àbúrò rẹ̀ sẹ́yìn àwọn àpò. "Ọmọ rẹ ni, mi ò lè dì í mú. Ṣùgbọ́n gbọ́ o. Bó bá wọ ọkọ̀ yẹn pẹ̀lú ẹrù lórí lónìí, kó tó di ọjọ́ ọjà, gbogbo Sakété á ti ní mo dá a padà. Ní Pobè ńkọ́? O lè máa ti ilé dé ilé ṣàlàyé, wọ́n á máa mi orí fún ọ. Lẹ́yìn rẹ, kí ni wọ́n á máa sọ nípa rẹ̀?"

Ó mọ ohun tí wọ́n á sọ: ọmọ tí wọ́n dá padà ni. Ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mọ́kànlá, pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀.

Ó padà lọ bá ọmọ náà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀. "Gbé ojú sókè. O ò lọ ibì kankan. Mo kàn wá kí ọ ni." Bí ọmọ náà ṣe mí kanlẹ̀ báyìí, ó dun Ládiípọ̀ ju ohunkóhun tó ti dùn ún rí láyé, síbẹ̀ ó rẹ́rìn-ín sí ọmọ náà. Ó jókòó títí di ọ̀sán. Ó jẹ ẹ̀bà tó tẹ̀ fún un, ó wo kàyé ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ láti ojú ìwé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn.

Huguette ló sìn ín lọ sí ìdí ọkọ̀. Wọ́n dúró, ọkọ̀ kò tíì dé. Ọmọ náà ń fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ wa ilẹ̀, ó sì ń wo ẹ̀gbẹ́ kan.

"Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, ṣé Màámi ga?"

"Kí lo wí?"

"Mo máa ń rántí wọn. Wọ́n ga gan-an nínú ìrántí mi. Ṣùgbọ́n mo tún ń rò ó pé bóyá nítorí pé èmi ló kéré nígbà náà ni."

Ọkọ̀ dé, Ládiípọ̀ wọlé, ó yọ orí lójú fèrèsé, ó ń wo ọmọ náà títí ojú rẹ̀ kò fi tó o mọ́. Láti Sakété dé Pobè, ó sunkún láìbò ó, àwọn èrò ọkọ̀ sì fún un láyè, wọ́n rò pé òkú ló ti lọ sin.

Marcelline wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tó dé. Ó wo ojú rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó tún wo ọ̀nà tó ti wá. Ládiípọ̀ rò fún un bó ṣe rí. Ó sọ ti igbá tó fọ́, ó sọ ti gàrí tí òjò pa. Marcelline gbọ́ ọ dópin lórí ìdúró.

"Ṣé ó béèrè mi?"

"Ó béèrè bóyá o ga."

Marcelline jókòó sórí àpótí. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó wọlé, ó gbé aṣọ rẹ̀ tó dára jù jáde, ó gbọ̀n ọ́n, ó fi kọ́ ara ìlẹ̀kùn.

"Aago mélòó ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ ń lọ lọ́la?"

"Aago mẹ́fà. Ṣùgbọ́n Màmá Séverin, Ràúdátù ní a ò gbọdọ̀..."

"Mi ò ní mú un kúrò níbẹ̀," ni Marcelline wí. "Mo kàn fẹ́ lọ dúró níwájú rẹ̀, kó wò mí."